Chatham, Beverly tàbí Rogers Park: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé ní Chicago

Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń gba owó oṣù ní Chicago, tí ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ọkọ ń wa bọ́ọ̀sì tàbí tó jókòó sí ọ́fíìsì kan, lè ra ilé tó dúró ṣinṣin nínú ìlú yìí gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá kì í gbà bẹ́ẹ̀. A ti gbọ́ ìròyìn ìbọn ní South Side lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà a ó ti kọjá sí àwọn ìlú kéékèèké tó yí Chicago ká kí a tó wo ẹyọ ilé kan nínú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí, torí àwọn àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa fi òógùn wọn rà, tí wọ́n sì tọ́jú títí ó fi kan ọmọ-ọmọ wọn.

Mẹ́ta nínú wọn ni mo fẹ́ gbé síwájú yín. Àgbègbè 77 ni Chicago pín sí, láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago ti fa ààlà wọn ní àwọn ọdún 1920. Rogers Park ni nọ́ńbà kìíní, Chatham ni 44, Beverly ni 72. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ máa gbé kiri bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí: tí mo bá ti gba kọ́kọ́rọ́ tán, kí ni ilé náà yóò máa bèèrè lọ́wọ́ mi? Iye tó wà lójú ìpolówó kì í sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí wọ́n wà àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀

Ojú ibi tí State Street àti Madison Street ti pàdé ní àárín ìlú ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà àdírẹ́sì lọ sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Chatham wà láàárín òpópónà 79th àti 95th níhà gúúsù, nǹkan bíi máìlì mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá sí ojú òdo yẹn. Beverly wà ní apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ó sì tún lọ sí gúúsù jù ú lọ, láti 87th dé 107th. Rogers Park wà ní ìkángun àríwá pátápátá: adágún Michigan wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, ìlú Evanston wà lókè rẹ̀.

Ìtàn Chatham ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní 1956, Mahalia Jackson, akọrin ẹ̀mí tí òkìkí rẹ̀ kárí ayé, ra ilé sí Indiana Avenue níbẹ̀ nígbà tí òyìnbó ṣì kún àdúgbò náà. Wọ́n yìnbọn wọ fèrèsé ilé rẹ̀, kò sì torí ìyẹn kó jáde. Àwọn òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí 1970 fi máa pé, aláwọ̀ dúdú nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù síbẹ̀. Àwọn tó wọlé jẹ́ tíṣà, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, dókítà, ọlọ́pàá àti oníṣòwò. Nítorí pé àwọn báńkì ńlá kì í fẹ́ yá aláwọ̀ dúdú lówó ilé, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀: Independence Bank ní 1964, Seaway ní 1965. Seaway kógbá wọlé ní 2017, ó sì dun àdúgbò náà púpọ̀. Àmọ́ ìwà tó bí báńkì wọ̀nyẹn ṣì wà nílẹ̀. Ẹ rìn ní àwọn òpópónà kéékèèké ibẹ̀, ẹ ó rí pátákó ẹgbẹ́ àwọn onílé ní orígun òpópónà, tí wọ́n kọ òfin sí: ẹ má fọ ọkọ̀ sójú títì, ẹ má yí orin sókè, ẹ má da ìdọ̀tí sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ lándìlọ́ọ̀dù ṣe ń ṣe nílé yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn àgbà wà ní ibí yìí.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Arthur Dixon, tó wà nínú Chatham, kún fún iṣẹ́ ọnà Áfíríkà àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì sọdá òpópónà 95th, Chicago State University ni ẹ ó bá, ibi tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti gba oyè ní 1979.

Àwọn òyìnbó kò sá kúrò ní Beverly bí wọ́n ti sá kúrò ní Chatham. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ àdúgbò kan, Beverly Area Planning Association, ti ń ṣiṣẹ́ kí aláwọ̀ dúdú lè wọlé kí òyìnbó má sì sá. Lónìí, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta ní Beverly ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ Irish ló pọ̀ jù nínú àwọn yòókù, àwọn ọlọ́pàá àti panápaná sì pọ̀ láàárín wọn, torí òfin ìlú ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba Chicago gbọ́dọ̀ máa gbé inú Chicago. Ní Rogers Park, kò sí ẹ̀yà kan tó kó ìdajì èrò. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Loyola, ará Mẹ́síkò, ará Haiti, ará Áfíríkà, ẹni tó sá ogun dé: gbogbo wọn ló ń gun bọ́ọ̀sì kan náà.

Irú ilé tí owó yín lè rà

Ilé tí Chicago fi ń yangàn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ni báńgálò oníbíríkì. Nǹkan bí 80,000 ló wà káàkiri ìlú, tí wọ́n kọ́ láàárín 1910 sí 1940. Ilé tóóró ni, ó gùn lọ sẹ́yìn, ó ní àjà tí èèyàn lè fi ṣe yàrá, ó ní básémẹ́ǹtì lábẹ́, ó sì ní gáréèjì lẹ́yìn tó dojú kọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Chatham kún fún wọn. Àwọn tó kọ́ wọn kò kọ́ wọn fún àṣehàn. Bíríkì wọn ṣì dúró digbí.

Owó tó ra báńgálò dáadáa kan ní Chatham, kọ́ńdò oníyàrá méjì, ìyẹn ojúlé kan ṣoṣo nínú ilé ńlá, ni yóò rà ní Rogers Park. Ní Beverly, ó lè má tó rárá, pàápàá tí ojú bá wọ àwọn ilé ńláńlá orí òkè ní Longwood Drive, níbi tí ilé olókùúta kan tó dà bí ààfin ti wà láti àwọn ọdún 1880, tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Beverly ní báńgálò tirẹ̀ pẹ̀lú, ní apá Western Avenue, òun ni ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n máa ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ilé alájà kan tí wọ́n ń pè ní two-flat, torí mo gbà pé òun ló bá ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mu jù. Ilé oníbíríkì ni, ìdílé kan nísàlẹ̀, ìdílé kan lókè, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n jọ ń gbà wọlé. Ẹ ó máa gbé ọ̀kan, ẹ ó fi èkejì háyà. Ẹ̀yáwó FHA, èyí tí àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ń ṣe onídùúró fún, gba ẹni tó fẹ́ gbé inú ilé náà láàyè láti ra ilé tó ní ojúlé kan sí mẹ́rin, kó sì san ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ tí ìwé ìgbáralé rẹ̀ ní báńkì bá mọ́ tó. Báńkì tún máa ń ka lára owó ilé tí ayálégbé yóò san mọ́ owó tó ń wọlé fún yín. Two-flat wà ní Chatham àti Rogers Park. Ní Beverly, ilé ìdílé kan ṣoṣo ló gba ilẹ̀ jù. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti di lándìlọ́ọ̀dù nìyẹn o. Òfin ìlú ní kí ooru ilé ayálégbé má lọ sísàlẹ̀ 68 lórí ìwọ̀n Fahrenheit lójú ọ̀sán láti 15 oṣù September títí di 1 oṣù June, kó má sì lọ sísàlẹ̀ 66 lóru.

Ní Rogers Park, ẹni tó ra kọ́ńdò máa ń san owó oṣù fún ẹgbẹ́ onílé, lọ́tọ̀ sí owó báńkì. Àwọn ilé alájà mẹ́ta tó yí àgbàlá ká lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dàgbà. Tí òrùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, tí ẹgbẹ́ kò sì ní owó nílẹ̀, wọ́n á pín gbèsè náà fún gbogbo onílé, ó sì lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún ojúlé kan. Òfin Illinois fún ẹni tó fẹ́ rà ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ náà, abala 22.1 ni àwọn lọ́yà ń pè é. Ẹ bèèrè fún un kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ẹ sì wo iye tó wà nínú àpamọ́.

Owó orí ilé, níbi tí wọ́n ti ń gbá èèyàn mú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì nìyí. Cook County, tí Chicago wà nínú rẹ̀, máa ń tún iye ilé kà ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ti Chicago wáyé ní 2024, ó tún di 2027. Owó ọdún tó kọjá ni ẹ ń san lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì pín in sí. Ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún iye ti ọdún tó ṣáájú ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà.

Níbo wá ni ewu wà? Chatham kún fún àwọn bàbá àti ìyá àgbà tó ti gbé ilé wọn fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti pé 65 máa ń rí ẹ̀dínwó gbà lórí owó orí ilé, tí owó tó ń wọlé fún un bá sì kéré, ó tún lè gba òmíràn tó ń dá iye ilé náà dúró sójú kan. Nítorí náà, nígbà tí aṣojú onílé bá ń fi ìwé owó orí hàn yín, iye tí ìyá àgbà ń san lẹ ń wò. Ní kété tí ilé bá ti di tiyín, ẹ̀dínwó wọ̀nyẹn bá ìyá lọ, owó yín sì lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báńkì ló ń gba owó orí mọ́ owó ilé, nípa bẹ́ẹ̀ lójijì ni owó oṣù yín yóò fò sókè ní ọdún kejì, nígbà tí ẹ ti ra àga tán.

Ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà oníka mẹ́rìnlá tí wọ́n ń pè ní PIN. Ẹ gba nọ́ńbà yẹn, ẹ lọ sí ojú íntánẹ́ẹ̀tì Cook County Assessor, ọ́fíìsì tó ń ka iye ilé, ẹ ó rí irú ẹ̀dínwó tó wà lórí ilé náà. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ fi ẹ̀dínwó onílé lásán, èyí tó wà fún ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀, rọ́pò, ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ fún ti onílé lásán náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á. Tí iye tí wọ́n ka ilé yín sí bá pọ̀ jù, ẹ lè pe ẹjọ́ sọ́dọ̀ Assessor, tí kò bá gbọ́, ẹ lọ sí Board of Review, ìgbìmọ̀ tó ń tún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má sọ pé tani yóò gbọ́ tiyín.

Ní Beverly, iye ilé ga, owó orí náà sì ga, ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu inú rẹ̀ lè kéré díẹ̀ tí ẹni tó ń tà kò bá tíì pé 65. Ní Rogers Park, ẹ ṣe ìwádìí kan náà fún kọ́ńdò.

Omi

Páìpù kan náà ni òjò àti omi ìdọ̀tí ń gbà ní Chicago. Tí òjò bá rọ̀ gan-an, páìpù náà á kún, omi á sì padà gba ojú gọ́tà básémẹ́ǹtì wọlé. Chatham wà lára àwọn àdúgbò tí èyí ti ń da láàmú jù ní ìlú náà. Kò sí lẹ́bàá odò, ilẹ̀ rẹ̀ kò sí lára ibi tí ìjọba pè ní ilẹ̀ omíyalé, báńkì kò sì ní fipá mú yín ra ìbánigbófò omíyalé. Ìbánigbófò ilé lásán kì í sì í san owó omi tó ti inú gọ́tà wá, àfi tí ẹ bá san owó díẹ̀ sí i kí wọ́n fi kún un. Ẹ sanwó náà. Ẹ tún bèèrè bóyá onílé ti fi fáàfù sí i láti dí omi lọ́nà, tàbí ó ti gbé páìpù ìdọ̀tí sókè. Iṣẹ́ tó gba owó gidi ni, bí ó bá sì ti ṣe é, ó yẹ kí inú yín dùn.

Orí òkè tó ga jù ní Chicago ni apá kan Beverly wà, èyí tí àwọn yìnyín ayé àtijọ́ kó jọ. Ẹni tó wà lókè sùn ní àlàáfíà ju ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má ra orúkọ Beverly láì wo ibi tí ilé náà jókòó sí. Ní Rogers Park, adágún ni ẹ ó máa wò: nígbà tí omi rẹ̀ kún ní 2019 sí 2020, ó gbá iyanrìn àwọn etíkun kékeré kan níhà àríwá lọ, wọ́n sì ní láti da àpáta síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kan gbogbo wọn. Òfin ìlú fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa lo páìpù òjé láti ojú títì wọ ilé títí di 1986, bí 400,000 sì ṣì wà nílẹ̀, kò sí ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ní tó bẹ́ẹ̀. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú, wọn ó fi ike àyẹ̀wò omi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àbájáde tó dé, ẹ má fi omi ẹ̀rọ po mílíìkì ọmọ láìsí asẹ́ tí wọ́n ṣe fún òjé.

Iṣẹ́ alẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin

Ojú irin kan náà ló so Chatham àti Rogers Park pọ̀. Red Line bẹ̀rẹ̀ ní 95th, ó gba 87th àti 79th kọjá, ó wọ àárín ìlú, ó sì parí sí Howard ní Rogers Park lẹ́yìn tó ti dúró ní Loyola, Morse àti Jarvis. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́. Fún nọ́ọ̀sì tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ohun ńlá ni. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ibùdókọ̀ Chatham wà láàárín ọ̀nà márosẹ̀ Dan Ryan, afẹ́fẹ́ òtútù kò ní àánú níbẹ̀ ní oṣù January, inú ọkọ̀ náà kì í sì í fọkàn ẹni balẹ̀ lóru.

Beverly ní ọkọ̀ ojú irin Metra tirẹ̀, èyí tó so àárín ìlú mọ́ àwọn ìlú agbègbè, ìlà Rock Island. Ó mọ́, ó dákẹ́, ìjókòó rẹ̀ rọ̀, ó sì tẹ̀lé aago. Aago yẹn gan-an ni ìṣòro: láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń lọ dáadáa, tó bá di òru, ẹ nílò mọ́tò. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní àárín ìlú yóò gbádùn Beverly, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yí padà láàárọ̀ àti lálẹ́ yóò jìyà níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti ààbò

Níbí, Beverly ló borí, mi ò ní fi bò. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀ ní orúkọ rere, ti Kátólíìkì sì pọ̀ fún ẹni tó lè san owó rẹ̀. Chatham ní Simeon, ilé ẹ̀kọ́ girama tí Derrick Rose ti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká. Rogers Park ní Sullivan, tó mọ bí a ti ń gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkèèrè mọ́ra. Bí ọmọ yín bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn tààrà, ẹ má fojú di ìyẹn.

Oúnjẹ wa sún mọ́ Rogers Park jù. Ní Devon Avenue, ìrìn díẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, àwọn ará Íńdíà àti Pakistan ń ta ẹran ewúrẹ́, ìrẹsì àti ata lóríṣiríṣi, ilé ìtajà Áfíríkà sì wà káàkiri apá àríwá. Chatham ti pàdánù ọjà ńlá: Target kúrò níbẹ̀ ní 2019, Walmart sì tì ní 2023. Ó bí àwọn ará àdúgbò nínú, ó sì yẹ kó bí wọn, torí wọ́n ń náwó níbẹ̀.

Ní ti ààbò, Beverly fọkàn balẹ̀ jù. Chatham ní òpópónà tó dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì ní igun òpópónà ọjà, pàápàá lójú 79th, tí mi ò ní fẹ́ kí ọmọ mi dúró sí lóru. Rogers Park náà rí bẹ́ẹ̀, ní àgbègbè Howard. Ìjọba ìlú ń gbé àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn láti 2001 sójú íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ tẹ àdírẹ́sì ilé náà sí i, ẹ wo búlọ́ọ̀kù yẹn gan-an. Orúkọ àdúgbò tóbi jù láti fi ṣe ìpinnu.

Èwo ni kí ẹ mú?

Tí owó yín bá tó, tí ẹ lọ́mọ tó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, tí iṣẹ́ yín sì jẹ́ ti ojú mọmọ, ẹ lọ sí Beverly. Tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹ kò tíì mọ ibi tí iṣẹ́ yóò gbé yín lọ, ẹ háyà ilé ní Rogers Park, ẹ má rà á ná.

Ṣùgbọ́n ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tó fẹ́ ilé oníbíríkì tó ní yáàdì lẹ́yìn láàárín àwọn aládùúgbò tó ń kí ara wọn, Chatham ni mo máa ní kó kọ́kọ́ wò. Àwọn àgbà tó tọ́jú rẹ̀ ń dín kù, ilé wọn sì ń bọ̀ lọ́jà. Ó wù mí kí ó jẹ́ ìdílé tó fẹ́ gbé ibẹ̀ ni yóò rà á, kó má jẹ́ iléeṣẹ́ tó fẹ́ kùn ún ní ọ̀dà eérú kí ó sì tún un tà.

Tí ẹ bá rí èyí tó wù yín, ẹ lọ wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́jú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí básémẹ́ǹtì kí ẹ tó wo ilé ìdáná, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá àmì omi wà níbẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gba lọ́yà tiyín, torí ní Chicago, ìwé àdéhùn máa ń fún lọ́yà ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, àárín ọjọ́ yẹn náà sì ni kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fi kámẹ́rà wo inú páìpù ìdọ̀tí wá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.